Ìmọ̀ràn Mẹ́wàá fún Ọ̀dọ́ Ṣàngó: Bí A Ṣe Ń Fi Ayé Wé Ayé

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Ṣàngó, ẹ̀yin ti Ìjòkó, ti Jójú, ti Ọ̀tà àti gbogbo àdúgbò tó yí Toll Gate ká, ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ bàbá yín. Owó ibodè tí wọ́n ń gbà níbẹ̀ ti dópin láti ayé ìjọba Ọbásanjọ́, ṣùgbọ́n orúkọ kò kúrò, èrò kò sì kúrò. Bí ẹ bá ń dúró de kọ̀rọ̀pẹ́ níbẹ̀ nírọ̀lẹ́, àfiwé ni mo máa ń gbọ́ lẹ́nu yín: ta ló ti dé Kánádà, fóònù ta ló wọ́n jù, ilé-iṣẹ́ wo ló ń sanwó ju èkejì lọ. Àfiwé kò burú. Ohun tó burú ni kéèyàn di òṣùwọ̀n kan ṣoṣo mú, kó máa fi wọn gbogbo nǹkan.

Ibi tí a ti lè kọ́ àfiwé gidi kò ju ojú ọ̀run lọ. Pílánẹ́ẹ̀tì mẹ́rin ló sún mọ́ Oòrùn jù: Mẹ́kúrì, Àgùàlà tí ìwé òyìnbó ń pè ní Venus, Ayé tiwa yìí, àti Máàsì. Àpáta àti irin ni gbogbo wọn. Àwọn tó wà lẹ́yìn wọn, bíi Júpítà àti Sátọ̀n, gáàsì ló pọ̀ jù lára wọn. Ẹgbẹ́ ni mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ́jọ́ orí, wọ́n ti tó nǹkan bí bílíọ̀nù mẹ́rin ààbọ̀ ọdún, ibì kan náà ni wọ́n sì ti ṣẹ̀. Síbẹ̀, ọ̀kan ṣoṣo ló ṣeé gbé. Ẹ jẹ́ ká wo ohun tó fà á, kí n sì fi ìmọ̀ràn tèmi sí i.

1. Ẹ fi ẹsẹ̀ wọn ọ̀nà kí ẹ tó fi ẹnu sọ ọ́.

Mẹ́kúrì jìnnà sí Oòrùn ní mílíọ̀nù 58 kìlómítà, Àgùàlà mílíọ̀nù 108, Ayé mílíọ̀nù 150, Máàsì mílíọ̀nù 228. Bí ẹ bá kà á lásán, kò ní yé yín. Ẹ wá pápá tó gùn dáadáa, kì í ṣe ojú títì márosẹ̀ o, nítorí awakọ̀ tírélà kò ní dúró de Mẹ́kúrì. Ẹ fa róbótó kan sílẹ̀ tó fẹ̀ tó mítà kan àti ogójì sẹ̀ǹtímítà; Oòrùn nìyẹn. Ẹ wá máa gbé ìṣísẹ̀ gbọọrọ, kí ìṣísẹ̀ kan jẹ́ mílíọ̀nù kan kìlómítà. Ní ìṣísẹ̀ 58, ẹ gbé hóró iyèré kan sílẹ̀ fún Mẹ́kúrì. Ní 108, hóró ẹ̀pà kan fún Àgùàlà. Ní 150, hóró ẹ̀pà mìíràn tó fi díẹ̀ jù ú lọ fún Ayé. Ní 228, hóró ẹ̀wà olóyin kékeré fún Máàsì. Pápá bọ́ọ̀lù méjì kò ní gbà yín. Kò sì sí nǹkan kan láàárín àwọn hóró wọ̀nyẹn ju òfìfo lọ. Ẹni tó bá ti rìn ín kò tún ní í fi ẹnu yẹpẹrẹ sọ pé òun fẹ́ lọ máa gbé Máàsì.

2. Ẹ mọ ìgbà tí a ń wo nǹkan, kí ẹ sì mọ ibi tí a ń kọjú sí.

Ìmọ́lẹ̀ funfun tó máa ń tàn gan-an lẹ́yìn tí oòrùn bá wọ̀, lọ́wọ́ Ọ̀tà àti ọ̀nà Ìdírokò, Àgùàlà ni. Ní àwọn oṣù mìíràn, ìdájí ló máa ń yọ, lọ́wọ́ Ìjòkó àti Àgbádó. Ẹ kò ní í rí i láàárín òru láé, nítorí ó sún mọ́ Oòrùn jù wá lọ, kì í sì í jìnnà sí i lójú ọ̀run. Mẹ́kúrì ṣòro ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìsàlẹ̀ pátápátá ló máa ń wà, òrùlé ilé àti èéfín ilé-iṣẹ́ kì í sì í jẹ́ ká rí i. Ní ti Máàsì, ó wà lẹ́yìn wa, nítorí náà ó lè wà lókè orí ní ọ̀gànjọ́, pẹ̀lú àwọ̀ rẹ̀ tó pọ́n. Nǹkan bí oṣù mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n síra wọn la máa ń rí i dáadáa. Oṣù kejì ọdún 2027 jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn àkókò bẹ́ẹ̀. Bí iná bá lọ, ẹ má kàn ṣépè fún àwọn oníná. Ẹ jáde síta, ẹ wo òkè.

3. Ẹ má fi ẹni tí èèyàn ń bá rìn mọ̀ ọ́n.

Àwọn àgbà sọ pé Àgùàlà ń bá oṣù rìn, wọ́n ṣebí ajá rẹ̀ ni. Òwe náà gún régé. Òṣùpá kò jìnnà sí wa ju nǹkan bí 384,000 kìlómítà lọ. Àgùàlà kì í sún mọ́ wa tó ìlọ́po ọgọ́rùn-ún ìyẹn rárá. Ẹ̀wẹ̀, ó fẹ̀ ju òṣùpá lọ ní ìlọ́po mẹ́ta ààbọ̀. Ẹni tí ẹ pè ní ajá tóbi ju ẹni tí ẹ pè ní olówó rẹ̀ lọ. Ọmọ iṣẹ́ tó ń gbé àpótí irinṣẹ́ tẹ̀lé ọ̀gá rẹ̀ lábẹ́ bíríìjì Ṣàngó, ẹ má kà á sí nǹkan kékeré.

4. Ẹ má fi ìtòsí nìkan ṣèdájọ́.

Bí mo bá bi yín pé èwo ló gbóná jù nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, púpọ̀ nínú yín yóò dáhùn pé Mẹ́kúrì ni, torí òun ló sún mọ́ iná jù. Rárá o. Mẹ́kúrì gbóná lóòótọ́, ọ̀sán rẹ̀ ń tó dígírì 430. Ṣùgbọ́n kò ní afẹ́fẹ́ tó lè dì í mú, nítorí náà bí alẹ́ bá ti lẹ́, ooru yẹn á sá lọ pátápátá, á sì tutù wọ dígírì 180 nísàlẹ̀ òdo. Omi dídì tilẹ̀ wà nínú àwọn kòtò rẹ̀ tí oòrùn kì í tàn dé ní àríwá àti gúúsù.

Àgùàlà ló gbóná jù. Ooru ilẹ̀ rẹ̀ ń lọ sí dígírì 465, lọ́sàn-án àti lóru, nítorí kábọ́ọ̀nù dayọ́ksáídì tó nípọn ti bò ó, kò jẹ́ kí ooru jáde. Ẹ̀yin tí ẹ ń rí àwọn tó ń yọ́ òjé inú bátìrì ọkọ̀, ẹ mọ bí iná náà ṣe ń jó ojú. Òjé ń di omi ní dígírì 327. Ní Àgùàlà, kò nílò iná kankan. Ilẹ̀ lásán yóò yọ́ ọ. Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ tún ń tẹni mọ́lẹ̀ ní ìlọ́po 92 ti ibí. Ẹ̀rọ Venera 13 tí àwọn ará Soviet gbé sọ̀ síbẹ̀ ní ọjọ́ 1 oṣù kẹta ọdún 1982, ìṣẹ́jú 127 péré ló fi ṣiṣẹ́ kó tó dákẹ́.

5. Ẹ bi ara yín ní ohun tó wà nínú tírélà tó ń kọjá.

Lójoojúmọ́ ni tírélà sìmẹ́ńtì ń ti Ewékorò bọ̀, tó ń gba Ifọ̀ kọjá, tó ń wọ Ṣàngó lọ sí Èkó. Eruku á ti bo tapólì rẹ̀ tó funfun bí eérú, á sì ti kùn ìpéǹpéjú àwọn ọmọ tó jókòó sórí ẹrù. Láti ọdún 1960 ni ilé-iṣẹ́ sìmẹ́ńtì ti wà ní Ewékorò, nítorí òkúta ẹfun tó wà nínú ilẹ̀ ibẹ̀. Òkun ló bo ilẹ̀ yẹn nígbà kan, ó ti lé ní àádọ́ta mílíọ̀nù ọdún. Ìkarahun ẹran omi ló kó jọ, tó lẹ̀ mọ́ra, tó wá di òkúta. Títí di òní, ẹni tó bá la òkúta náà yóò rí ìkarahun nínú rẹ̀.

Kí ló wá kan Àgùàlà níbẹ̀? Nínú 100 kìlógíráàmù òkúta ẹfun tó mọ́ gaara, kìlógíráàmù 44 jẹ́ kábọ́ọ̀nù dayọ́ksáídì, gáàsì kan náà tó sọ Àgùàlà di ààrò. Lórí Ayé níbí, omi òkun gbà á mọ́ra, ẹran omi fi kọ́ ìkarahun rẹ̀, ilẹ̀ sì tì í mọ́nú òkúta. Ìṣirò àwọn onímọ̀ fi hàn pé èyí tó wà ní àtìmọ́lé nínú àpáta Ayé fẹ́rẹ̀ẹ́ tó èyí tó wà lójú ọ̀run Àgùàlà. Ohun kan náà ni àwọn méjèèjì bá wáyé. Ayé rí omi fi pa á mọ́ sínú ilẹ̀. Àgùàlà pàdánù omi tirẹ̀, gáàsì náà sì dúró sórí rẹ̀.

Bí wọ́n bá ti gbé òkúta ẹfun bọ iná ilé-iṣẹ́, níbi tí ooru ti ju dígírì 1,400 lọ, gáàsì náà á tún padà sínú afẹ́fẹ́. Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni má kọ́lé. Ohun tí mo ń sọ ni pé ìdí pàtàkì tí Ayé fi yàtọ̀ sí Àgùàlà ń gba iwájú yín kọjá lórí tírélà lójoojúmọ́, ẹ kò sì bi í ní nǹkan kan. Ọmọ tó ń béèrè ohun tó wà nínú ẹrù ni yóò di ọ̀gá ẹni tó ń rù ú.

6. Ẹ wo inú kí ẹ tó yin títóbi.

Ẹ mú àpò sìmẹ́ńtì kan, kìlógíráàmù 50, irú èyí tí àwọn alábàárù ń gbé lórí òṣùká àpò òfìfo. Bí ẹ bá gbé e dé Àgùàlà, yóò wúwo lórí yín bíi kìlógíráàmù 45 níbí. Bí ẹ bá gbé e dé Máàsì, yóò dà bíi 19. Ní Mẹ́kúrì ńkọ́? 19 náà ni.

Ọ̀rọ̀ yìí gba àròjinlẹ̀. Máàsì fẹ̀ ní 6,779 kìlómítà láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì. Mẹ́kúrì kò ju 4,879 lọ. Báwo ni èyí tó kéré ṣe ń fa nǹkan mọ́lẹ̀ tó èyí tó fẹ̀? Irin ni. Bí ẹ bá gbẹ́lẹ̀ láti èèpo Mẹ́kúrì lọ sí àárín rẹ̀, ó lé ní ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún ọ̀nà náà tó jẹ́ irin. Àpáta tó bò ó lókè tín-ín-rín ni. Òkúta ló pọ̀ jù nínú Máàsì ní tirẹ̀, irin rẹ̀ kò tó ìyẹn. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń yọ́ àlòkù irin ní Ọ̀tà, ọwọ́ yín ti mọ èyí ṣáájú orí yín: irin ẹ̀kúnwọ́ kan wúwo ju òkúta ẹ̀kúnwọ́ méjì lọ. Ẹ má jẹ́ kí ẹni tó ga dẹ́rù bà yín títí ẹ ó fi mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, kí ẹ̀yin náà sì ki nǹkan sínú ara yín.

7. Ẹ dí ibi tó ń jò.

Máàsì kò rí báyìí látilẹ̀. Omi ṣàn níbẹ̀ nígbà láéláé. Ẹ̀rọ Perseverance tó balẹ̀ sí kòtò Jezero ní ọjọ́ 18 oṣù kejì ọdún 2021 ṣèwádìí níbi tí odò kan ti da iyanrìn àti ẹrẹ̀ jọ sí ẹnu adágún ní bílíọ̀nù ọdún mélòó kan sẹ́yìn. Lónìí, afẹ́fẹ́ Máàsì kò tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún tiwa, òtútù ibẹ̀ sì ń lọ sí nǹkan bíi dígírì 60 nísàlẹ̀ òdo ní ìpíndọ́gba.

Kí ló ṣẹlẹ̀? Inú rẹ̀ tètè tutù nítorí ó kéré. Irin yíyọ́ àárín rẹ̀ dẹ́kun rírú, agbára mágínẹ́ẹ̀tì tó ń dáàbò bò ó sì kú. Ẹ̀fúùfù tó ń ti ara Oòrùn wá wá ń gbá afẹ́fẹ́ rẹ̀ lọ. Ẹ̀rọ MAVEN tó dé ibẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2014 bá a lẹ́nu jíjò náà. Ẹni tó bá fẹ́ jiyàn yóò ní Àgùàlà náà kò ní irú mágínẹ́ẹ̀tì bẹ́ẹ̀, afẹ́fẹ́ rẹ̀ kò sì lọ. Òótọ́ ni. Àgùàlà tóbi, ó sì ń fa afẹ́fẹ́ rẹ̀ mọ́ra gan-an. Kì í ṣe ohun kan ló sọ Máàsì di aṣálẹ̀. Kíkéré rẹ̀ àti àìní ààbò ló pa pọ̀.

Owó tí ẹ ń fi ta tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù lọ́jọ́ Sátidé, igba náírà, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà, báyìí ló ṣe ń lọ. Jíjò kì í ké ìbòsí. Ẹni tó bá sì kéré lówó ni jíjò ń tètè gbẹ.

8. Ẹ má fi aago ẹlòmíràn ka ọjọ́ orí yín.

Ọdún kan ní Mẹ́kúrì jẹ́ ọjọ́ 88 tiwa, ní Àgùàlà ọjọ́ 225, ní Máàsì ọjọ́ 687. Ọmọ ogún ọdún ní Ṣàngó ti pé ẹni ọdún 83 ní Mẹ́kúrì, ó sì ṣẹ̀ṣẹ̀ lé ní mẹ́wàá díẹ̀ ní Máàsì. Ọjọ́ wọn tún yàtọ̀. Ti Máàsì fi nǹkan bí ogójì ìṣẹ́jú ju tiwa lọ. Àgùàlà ń lo ọjọ́ 243 láti yí ara rẹ̀ po lẹ́ẹ̀kan, ìyẹn ju ọdún rẹ̀ lọ, ìwọ̀ oòrùn sì ni oòrùn ti ń yọ níbẹ̀. Ní Mẹ́kúrì, láti òwúrọ̀ kan dé òwúrọ̀ kejì jẹ́ ọjọ́ 176, ọdún rẹ̀ méjì géérégé. Nígbà tí ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún bá ń sunkún fún mi pé ẹgbẹ́ òun ti kọ́lé, mo máa ń bi í pé, aago ta lo ń wò?

9. Ẹ má gba gbogbo ohun tí WhatsApp bá gbé wá.

Ní oṣù kẹjọ ọdọọdún ni iṣẹ́ kan máa ń yí ká lórí fóònù pé lọ́jọ́ báyìí báyìí, Máàsì yóò tóbi bí òṣùpá, ẹ sọ fún ará ilé yín. Irọ́ ni. Ohun tó bí i ni pé ní ọjọ́ 27 oṣù kẹjọ ọdún 2003, Máàsì sún mọ́ wa dé nǹkan bíi mílíọ̀nù 56 kìlómítà, èyí tí kò ṣẹlẹ̀ rí láti nǹkan bí ọ̀kẹ́ mẹ́ta ọdún. Pẹ̀lú gbogbo ìsúnmọ́ yẹn, fífẹ̀ rẹ̀ lójú wa kò tó ìdá kan nínú àádọ́rin ti òṣùpá. Ẹ ti ní ìṣísẹ̀ yín láti ìmọ̀ràn àkọ́kọ́. Ayé wà ní 150, Máàsì ní 228. Kí hóró ẹ̀wà olóyin tó wà lókèèrè bẹ́ẹ̀ di òṣùpá? Ẹ ṣírò kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́.

10. Ẹ mọ iyì ohun tó bá já sí oko yín.

Ní ọjọ́ 3 oṣù kẹwàá ọdún 1962, àgbẹ̀ kan ń lé ẹyẹ lóko àgbàdo rẹ̀ ní Zagami, ní agbègbè Kàtsínà. Ariwo ńlá kan bú, òkúta kan sì já lulẹ̀ ní nǹkan bíi mítà mẹ́ta síbi tó dúró sí, ó gbẹ́ kòtò tó jìn tó ẹsẹ̀ bàtà méjì. Kìlógíráàmù 18 ni òkúta náà. Lẹ́yìn náà ni àwọn onímọ̀ rí afẹ́fẹ́ díẹ̀ tó há sínú rẹ̀. Wọ́n fi wé èyí tí ẹ̀rọ Viking wọ̀n lórí Máàsì ní ọdún 1976, àwọn méjèèjì sì bára mu. Nǹkan ńlá kan ló ti kọlu Máàsì tẹ́lẹ̀ rí, tó ta òkúta ibẹ̀ sójú òfuurufú, tí ọ̀kan fi wá bọ́ sórí ilẹ̀ Nàìjíríà. Lónìí, àwọn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé òkèèrè ló ń pàtẹ ègé Zagami.

Ọ̀rọ̀ náà kò tíì tán. Ní ọdún 2023, wọ́n rí òkúta Máàsì mìíràn ní aṣálẹ̀ Nìjẹ̀r, kìlógíráàmù 24 ó lé, èyí tó tóbi jù nínú gbogbo irú rẹ̀ tí a mọ̀. Ní oṣù keje ọdún 2025, wọ́n gbé e sí gbàǹjo ní New York, ẹnì kan sì san ohun tó lé ní mílíọ̀nù márùn-ún dọ́là lé e. Ìjọba Nìjẹ̀r ṣẹ̀ṣẹ̀ wá bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí bí òkúta náà ṣe jáde nílùú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ìmọ̀ wa máa dé lẹ́yìn tí oníṣòwò bá ti lọ. Yunifásítì Covenant wà ní Ọ̀tà láti ọdún 2002, ti Bells sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ní Ilé-Ifẹ̀, nínú ọgbà Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ibùdó ẹ̀kọ́ nípa òfuurufú kan wà láti ọdún 1998 fún àwọn ọmọ Áfíríkà tó ń fi Gẹ̀ẹ́sì kẹ́kọ̀ọ́. Ẹni tó bá fẹ́ràn físíìsì àti ìṣirò nínú yín, kó mọ̀ pé ọ̀nà wà.

Ìdájọ́ mi nìyí. Mẹ́kúrì ló sún mọ́ Oòrùn jù, òun kọ́ ló gbóná jù. Máàsì fẹ̀ ju Mẹ́kúrì lọ, kò fa nǹkan mọ́lẹ̀ jù ú lọ. Àgùàlà fẹ́rẹ̀ẹ́ fẹ̀ tó Ayé, ohun abẹ̀mí kan kò lè gbé orí ilẹ̀ rẹ̀. Ẹni tó bá fi òṣùwọ̀n kan ṣoṣo wọn wọ́n yóò ṣi gbogbo wọn wọ̀n. Kí ẹ tó sọ pé ẹnì kan ju yín lọ, tàbí pé ẹ ju ẹnì kan lọ, ẹ wá òṣùwọ̀n kejì, ẹ wá ẹ̀kẹta, kí ẹ tó lanu.